Tẹ́ńpìlì ayé àtijọ́ ní Íjíbítì, báàgì kan lẹ́yìn: kí ni kí ará Àbújá mọ̀ kó tó gbéra?

ỌmọGwarinpa
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí. Ọjọ́ 12 la fẹ́ lò ní Íjíbítì nínú oṣù Kejìlá, ọkùnrin kan, obìnrin kan. A ò bá ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò kankan lọ: báàgì ẹ̀yìn, ọkọ̀ èrò, ilé ìtura olówó pọ́ọ́kú. Káírò, Luxor, Aswan àti Abu Simbel ló wà lọ́kàn. Físà, owó, ọkọ̀, iye tẹ́ńpìlì tí èèyàn lè wò lóòjọ́ kó má sú u, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Ẹ̀gbọ́nKubwa
Físà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbájú mọ́. Ẹ fi físà orí ayélujára tí ẹ ń rí nínú fídíò àwọn òyìnbó sílẹ̀. Ọ̀nà tó dájú fún ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni ilé iṣẹ́ aṣojú Íjíbítì níbí ní Àbújá. Orúkọ yín máa lọ sí Káírò fún àyẹ̀wò ààbò kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Bó bá jẹ́ oṣù Kejìlá lẹ fẹ́ lọ, kí ìwé yín ti wà lórí tábìlì wọn nígbà tí oṣù Kẹsàn-án bá ń parí.

Ohun tẹ́ ẹ máa kó jọ: ìwé ìrìnnà tí yóò ṣì ku oṣù 6 ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé, ojú ewé òfìfo méjì nínú rẹ̀, fọ́tò, àkọsílẹ̀ owó oṣù 6 tí báńkì lu òǹtẹ̀, lẹ́tà ìsinmi láti ibi iṣẹ́, ẹ̀rí ibi tẹ́ ẹ máa sùn, àti ìwé tó fi hàn pé ẹ ti fi àyè pamọ́ nínú ọkọ̀ òfurufú. Mo ní kẹ́ ẹ fi àyè pamọ́ o, mi ò ní kẹ́ ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn ò lè dá owó rẹ̀ padà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn yá owó ńlá, kó jù ú sínú àkáǹtì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó lè jọ olówó. Ẹni tó ń ka ìwé báńkì lójoojúmọ́ mọ owó oṣù, ó sì mọ owó àlejò. Owó kékeré tó ń wọlé tó ń jáde déédéé sàn ju mílíọ̀nù tó já lulẹ̀ lánàá.

Lẹ́yìn físà, yẹ́lò káàdì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti Nàìjíríà bọ̀, wọ́n lè béèrè rẹ̀ ní pápákọ̀ Káírò. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa forúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì sanwó, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn Port Health fún abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú àti káàdì tó ní kóòdù. Kí abẹ́rẹ́ náà ti pé ọjọ́ 10 lára yín kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà á láyé báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tí káàdì tirẹ̀ bá jẹ́ ti àtijọ́ tí kò ní kóòdù, kó lọ pààrọ̀ rẹ̀.

OníkẹmístìKaru
Kí ẹ̀gbọ́n má bínú, ohun kan wà tó léwu ju físà lọ: oògùn inú báàgì. Tramadol wà lára oògùn tí òfin Íjíbítì fojú líle wò. Ní 2017, wọ́n rán obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lọ sẹ́wọ̀n ọdún 3 torí pé ó kó o wọlé fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Ẹ yẹ gbogbo àpò wò, títí kan àpò kékeré tẹ́ ẹ ti gbàgbé. Oògùn ikọ́ tó ní kodéènì, ilé ni kó wà. Oògùn tí dókítà kọ fún yín, ẹ jẹ́ kó wà nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà dókítà. Ẹ má tú u sínú ike.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kó: parasítámọ́ọ̀lù, loperamide fún ìgbẹ́ gbuuru, ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún ẹni tí omi ara rẹ̀ ń gbẹ) bí àpò 6, báńdéèjì àti oògùn ojú ọgbẹ́. Bí ORS bá tán lọ́nà, lítà 1 omi tó mọ́, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí kò lé téńté, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀. Loperamide kì í ṣe fún ẹni tó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ara rẹ̀ ń gbóná. Dókítà nìyẹn ń wá. Omi ike ni kẹ́ ẹ mu, kẹ́ ẹ sì gbọ́ kí ìdérí rẹ̀ dún kẹ́ ẹ tó gbà á.

Oògùn ìdènà ibà ẹ̀fọn ò pọn dandan: oṣù Kẹwàá 2024 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ibà ti kúrò ní Íjíbítì. Ṣùgbọ́n Àbújá lẹ ti ń lọ, ó lè ti wà lára yín kẹ́ ẹ tó gbéra. Bí ara bá gbóná níbẹ̀, ẹ sọ fún dókítà pé Nàìjíríà lẹ ti wá, torí kò ní í kọ́kọ́ ronú kan ibà. Lákòótán, ẹ má wẹ̀ nínú odò Náílì, ẹ má sì ki ẹsẹ̀ bọ etí omi tó dákẹ́ rọ́rọ́. Àtọ̀sí ajá wà níbẹ̀.

ÌyáÌbejìLugbe
Ó kan owó. Àbúrò, ẹ má kó náírà dé Káírò, ẹ ó kàn máa wo àwòrán Àpáta Zuma lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún náírà àtijọ́ ni. Báńkì yín lẹ máa bá sọ̀rọ̀ PTA, owó òkèèrè tí wọ́n ń tà fún arìnrìn-àjò: 4,000 dọ́là ni òfin Báńkì Àpapọ̀ gbà fún ẹnì kan láàárín oṣù mẹ́ta, físà àti tíkẹ́ẹ̀tì sì ni wọ́n máa béèrè. Dọ́là owó ọwọ́ tẹ́ ẹ bá kó, ẹ jẹ́ kó jẹ́ olórí ńlá, tí kò ya, tí kò ní ìlà báírò. Èyí tí abókí Zone 4 ń wò láwòtúnwò, akáǹtà Káírò náà máa wò ó.

Èyí tó ń mú àwọn èèyàn wa lọ́rùn jù ni ti káàdì. Lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì ńlá, wọn kì í gba owó ọwọ́ mọ́. Visa tàbí Mastercard nìkan ni. Verve ò bá a lọ, bẹ́ẹ̀ ni káàdì náírà ò ṣe é gbọ́kàn lé, torí ìgbàkígbà ni báńkì lè yí iye tó lè ná lókè òkun padà. Ẹ ṣí àkáǹtì dọ́là, ẹ gba káàdì rẹ̀, ẹ fi ra nǹkan kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó gbéra kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ fún báńkì pé Íjíbítì lẹ ń lọ. Ẹ gba ìkejì ní báńkì mìíràn, kó má bá ti àkọ́kọ́ gbé inú àpò kan náà. POS ibẹ̀ náà máa ń sọ pé kò sí nẹ́tíwọọ̀kì. Ẹ mọ eré yẹn dáadáa.

Bí ẹ̀rọ ATM bá bi yín pé ṣé dọ́là ni kó fi ṣírò ni tàbí owó ìlú, owó ìlú ni kẹ́ ẹ yàn. Dọ́là tó fẹ́ fi ṣírò yẹn, iye tó wù ú ló máa fi lé e.

Kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe rí: ní 2025, tẹ́ńpìlì Karnak ní Luxor ń gba 600 pọ́n-ùn Íjíbítì, Àfonífojì Àwọn Ọba, níbi tí ibojì àwọn ọba wà, ń gba 750. Ẹnì kan ni mò ń wí o. Ẹni tó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó sì ní káàdì ISIC, ìdajì ló ń san. Ẹ ṣírò tẹ́ńpìlì yín kẹ́ ẹ tó ṣírò oúnjẹ, torí oúnjẹ ò wọ́n níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ owó.

ÀkànbíKaduna
Ètò ìrìn ni tèmi, mo sì mọ̀ pé àwọn kan máa jà mí níyàn. Gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ láti Káírò, wọ́n á rọra máa sọ̀kalẹ̀ lọ sí gúúsù. Ẹ yí i padà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé Káírò, ẹ sùn, kẹ́ ẹ gba Aswan lọ tààrà, kẹ́ ẹ wá máa bọ̀ wá sí àríwá.

Ìdí méjì. Èkíní, Káírò ni ọkọ̀ òfurufú yín ti máa gbéra padà. Bí ọkọ̀ ojú irin bá pẹ́ lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, ẹ ti pàdánù tíkẹ́ẹ̀tì Àbújá nìyẹn. Ẹni tó bá fi ọjọ́ 3 Káírò sẹ́yìn ní àyè láti mí.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù. Karnak tóbi, ó sì ti wó lójú púpọ̀. Ó lé ní 1,500 ọdún tí ọba lórí ọba fi ń kọ́lé mọ́ ọn. Ẹnu ọ̀nà olódi ńlá mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bá a pàdé á kàn rí òkúta ni. Tẹ́ńpìlì Edfu, láàárín Aswan àti Luxor, rèé, ó ṣì ní òrùlé, ó ní ògiri, ohun gbogbo wà níbi tí wọ́n fi í sí. Ọdún 237 ṣáájú ìbí Krístì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 57 ni wọ́n parí rẹ̀. Yanrìn bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, àwọn èèyàn tiẹ̀ kọ́lé sórí rẹ̀, kí awalẹ̀pìtàn ará Faransé, Auguste Mariette, tó bẹ̀rẹ̀ sí í hú u jáde ní 1860. Yanrìn yẹn ló pa á mọ́.

Ẹ rìn ín bí ẹni wọ ààfin. Ẹnu ọ̀nà olódi méjì gogoro níwájú, àgbàlá tí oòrùn ń pa, gbọ̀ngàn olópòó, gbọ̀ngàn kékeré, títí dé iyàrá òkúta nínú lọ́hùn-ún. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń wọlé, ilẹ̀ ń ga díẹ̀díẹ̀, àjà ń wálẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń dín kù. Àwọn ará ìlú ò kọjá àgbàlá. Àwòrò nìkan ló ń dé ojúbọ. Ọmọ Yorùbá kì í béèrè ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá ti rìn ín ní Edfu, tó bá dé Karnak, ó ti mọ èyí tó jẹ́ àgbàlá àti èyí tó jẹ́ ojúbọ nínú òkìtì òkúta yẹn.

Ètò náà rèé: ọjọ́ 1 Káírò, ọjọ́ 2 ìrìn sí Aswan, 3 sí 5 Aswan àti Abu Simbel, 6 ẹ gba Kom Ombo àti Edfu kọjá sí Luxor, 7 sí 9 Luxor, 10 sí 12 Káírò. Tẹ́ńpìlì méjì lóòjọ́ ti tó. Mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gba ìwọ̀ oòrùn Luxor.

ỌmọGwarinpa
Ẹ ṣé gan-an, bọ̀dá. Ti ọkọ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin ibẹ̀ máa ń pẹ́. Àti Abu Simbel, ṣé ó tó ìrìn yẹn?

ÀkànbíKaduna
Ọkọ̀ ojú irin láti Káírò dé Aswan tó wákàtí 13, ó sì lè lé wákàtí 2 sí i láìsí àlàyé. Òfurufú ò tó wákàtí 2. Bí owó bá gbà yín láyè, ẹ fò lọ, kẹ́ ẹ fi ọkọ̀ ojú irin padà láti Luxor, bíi wákàtí 10. Ẹ wo orúkọ ibùdókọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa: kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ gúúsù ló ń lo Ramses ní àárín ìlú mọ́, àwọn kan ń lo ibùdókọ̀ Bashteel tí wọ́n ṣí ní 2024. Ẹni tó ti ń wọ ọkọ̀ Àbújá sí Kàdúná mọ bí Ìdù ṣe jìnnà sí Wuse. Ẹ fi wákàtí kan àbọ̀ sílẹ̀ fún sún-kẹẹrẹ. Ẹ wọ aṣọ òtútù nínú ọkọ̀ náà, ẹ̀rọ amúlétutù wọn ò mọ̀wọ̀n.

Abu Simbel tó ìrìn. Ó jìn tó 280 kìlómítà sí Aswan, bí ẹni ti Àbújá lọ Zaria tó tún lé díẹ̀. Ilé ìtura kékeré ní Aswan máa ń da èrò jọ sínú bọ́ọ̀sì kan: aago mẹ́rin àárọ̀ kọjá ni wọ́n ń gbéra, nǹkan bí aago kan ọ̀sán ni wọ́n ń padà dé Aswan. Ìlà oòrùn ni tẹ́ńpìlì náà kọjú sí. Àárọ̀ ni oòrùn ń ràn sójú ère ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá ti di ọ̀sán, òjìji ti bò wọ́n. Ẹ jókòó sápá ọ̀tún nínú bọ́ọ̀sì nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ, torí apá òsì ni oòrùn àárọ̀ máa ti wọlé. Ẹ mú ìwé ìrìnnà dání fún àwọn sójà ojú ọ̀nà, kẹ́ ẹ sì ra omi àti búrẹ́dì lálẹ́ àná.

Bẹ́ ẹ bá dúró níwájú rẹ̀, ẹ rántí pé kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ dúró yẹn ni ọba Ramses Kejì gbẹ́ ẹ sí. Nígbà tí adágún Ìdídò Aswan fẹ́ gbé e mì, láàárín 1964 sí 1968 ni wọ́n fi ayùn gé gbogbo rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n tún un tò sórí òkè, ó ga sí ibi àtijọ́ ní nǹkan bíi mítà 65. Ẹ wá ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Ó hàn bẹ́ ẹ bá súnmọ́ ògiri. Ère kejì láti apá òsì ti pàdánù orí. Ìmìtìtì ilẹ̀ ayé àtijọ́ ló wó o. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ níwájú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

22 oṣù Kejì àti 22 oṣù Kẹwàá ni oòrùn ń wọlé dé ojúbọ. Èrò ọjọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ ní oṣù Kejìlá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

AfáàJabi
Àlàáfíà fún gbogbo yín. Ẹni tó ti jókòó nílé kéú rí ní ohun ìjà tí òyìnbó ò ní: ó lè ka iye owó. Iye tí wọ́n kọ fún àwọn ará ìlú, nọ́ńbà Lárúbáwá tó wà létí àwọn aáyá inú Àlùkùràánì ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò kéú, ẹ kọ́ ọ ní alẹ́ kan: ٠ tó dà bí ààmì ìdúró ni òdo, ٥ tó dà bí òdo ni márùn-ún, ٦ tó jọ 7 wa ni mẹ́fà, ٧ tó jọ V ni méje, ٨ tó dojú dé ni mẹ́jọ. Márùn-ún àti òdo ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù lára nọ́ńbà ọkọ̀ àti ti ìjókòó.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti tó fún ọjà: "bikám" fún èló, "láà, ṣúkíran" fún rárá ẹ ṣé, "kálás" fún ó tán. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ má dúró ṣàlàyé. Ìdúró ṣàlàyé ni wọ́n ń wá.

Ẹ tún ṣọ́ra fún "pọ́n-ùn". Ẹlẹ́ṣin Edfu á sọ pé àádọ́ta, ẹ ó gbà, ẹ bá délẹ̀ tán, á ní pọ́n-ùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lòun wí, tàbí pé àlọ nìkan ni. Ẹ sọ owó, ẹ sọ ti orílẹ̀-èdè wo, ẹ sọ àlọ àti àbọ̀, ẹ sọ iye èèyàn, kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹ má sanwó títí ẹ ó fi padà. Bẹ́ ẹ bá fi ọkọ̀ ojú irin dé Edfu, ẹ mọ̀ pé ìlà oòrùn odò ni ibùdókọ̀ wà, ìwọ̀ oòrùn ni tẹ́ńpìlì, afárá ló wà láàárín. Kẹ̀kẹ́ Márúwá wọn á gbé yín.

Ní Luxor, mọ́sálásí Abu al-Haggag wà nínú tẹ́ńpìlì Luxor gan-an. Ẹ gba ìta wọ̀ ọ́ fún ìrun, kò la tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Láti inú àgbàlá tẹ́ńpìlì, ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí ilẹ̀kùn rẹ̀ àtijọ́ tó rọ̀ sójú òfuurufú. Orí yanrìn ni wọ́n kọ́ ọ sí nígbà yẹn, wọ́n wá kó yanrìn kúrò nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn ò mọ ibi tó máa já sí mọ́.

Ẹ̀gbọ́nKubwa
Ẹ̀yin ọmọ Bíbélì náà ní tiyín. Ní Karnak, lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà olódi àkọ́kọ́, ẹ gba apá ọ̀tún àgbàlá jáde sí ìta ògiri gúúsù: àkọsílẹ̀ ìlú tí Ṣéṣónkì Kìíní, ọba Íjíbítì, ṣẹ́gun wà lára ògiri. Òun ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó jẹ́ Ṣíṣákì tó kó ìṣúra Jerúsálẹ́mù nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 14. Èrò tó ń sáré lọ sí gbọ̀ngàn olópòó ò kì í yà síbẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ṣì wà nítòsí, ẹ wo ẹ̀yìn ẹnu ọ̀nà olódi àkọ́kọ́ yẹn. Wọn ò parí rẹ̀, òkìtì bíríkì amọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gùn gbé òkúta lọ sókè ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá rí i kò ní í tún béèrè bí wọ́n ṣe gbé òkúta gòkè. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá wọ gbọ̀ngàn olópòó 134. Méjìlá àárín ga ju ìyókù lọ, àlàfo gíga yẹn ni fèrèsé òkúta wà, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kẹ́ ẹ dé ẹnu ọ̀nà. Tó bá ti di aago mẹ́sàn-án, bọ́ọ̀sì àwọn tó ń ti Hurghada, ìlú etí Òkun Pupa, bọ̀ ti kún ibẹ̀.

Karnak nìkan ni màá ní kẹ́ ẹ gba afinimọ̀nà sí, wákàtí méjì, ẹni tó ní káàdì ìjọba lọ́rùn. Níbi yòókù, ìwé tàbí fóònù ti tó.

ÌyáÌbejìLugbe
Mi ò gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n lórí ìyẹn. Àfonífojì Àwọn Ọba ló ń fẹ́ ìmúrasílẹ̀ jù, afinimọ̀nà ò sì lè bá yín wọ inú ibojì ṣàlàyé, ìta ló máa ti sọ ọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì kan, ibojì mẹ́ta péré, ẹ̀yin lẹ máa yàn. Ẹ yàn án kẹ́ ẹ tó kúrò ní ilé ìtura: Ramses Kẹrin, torí kò ní àtẹ̀gùn púpọ̀; Merenptah, torí ó jìn wọlẹ̀; Ramses Kẹta, torí àwòrán ara ògiri rẹ̀. Ti Tutankhamun ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó kéré, òkú ọba náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣúra tí awalẹ̀pìtàn Howard Carter bá níbẹ̀ ní 1922 wà ní Káírò, ní Grand Egyptian Museum lẹ́gbẹ̀ẹ́ Giza. Ti Seti Kìíní ló rẹwà jù, ní 2025 ó jẹ́ 2,000 pọ́n-ùn lórí 750 yẹn. Bó bá jẹ́ ọ̀kan lẹ lè fi owó lé, tirẹ̀ ni.

Inú ibojì ń móoru ju ìta lọ, nítorí èémí èrò. Ẹ kọ́kọ́ wọ èyí tó jìn jù nígbà tí ara ṣì le.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dé ibẹ̀: ọkọ̀ ojú omi ìjọba wà níwájú tẹ́ńpìlì Luxor, owó táṣẹ́rẹ́ ló ń gbà sọdá. Àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré á ní kò sí mọ́, ẹ kọjá lára wọn. Lódìkejì, ẹ wọ bọ́ọ̀sì kékeré tàbí kẹ́ ẹ háyà takisí fún ìdajì ọjọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì Àfonífojì àti ti tẹ́ńpìlì Hatshepsut wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ṣùgbọ́n ti tẹ́ńpìlì Medinet Habu, ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lójú ọ̀nà, tẹ́ ẹ bá ti kọjá ère Memnon méjèèjì, lẹ ti máa rà á. Àìmọ èyí ló ń mú káwọn èèyàn dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tún padà sẹ́yìn nínú oòrùn.

Medinet Habu, ẹ fi í kádìí. Àwọ̀ ṣì wà lára òpó rẹ̀, èrò ò sì pọ̀.

Ti bákíṣíìṣì, owó kékeré tí wọ́n ń tọrọ: ẹ̀ṣọ́ á fa ọwọ́ yín lọ sí kọ̀rọ̀ kan, á fi ère kan hàn yín, á na ọwọ́. Bẹ́ ẹ ò bá fẹ́ san, ẹ má tẹ̀ lé e. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé e, 20 pọ́n-ùn ti tó. ATM á máa fún yín ní 200. Ẹ ṣẹ́ ẹ ní ilé ìtajà ńlá, kẹ́ ẹ máa kó 5, 10, 20 sápò ọ̀tọ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá ń gbà á.

Aṣọ: obìnrin, ṣòkòtò tàbí yẹ̀rì tó gùn kọjá orókún, ẹ̀wù tó bo èjìká, ìborùn kan tó máa ṣiṣẹ́ oòrùn, erùpẹ̀ àti mọ́sálásí. Oṣù Kejìlá níbẹ̀ dà bí ọyẹ́ Jos: ọ̀sán dára, òru tutù. Bàtà tí ẹsẹ̀ ti mọ̀, kì í ṣe tuntun.

ÀkànbíKaduna
Philae ní Aswan ló kù. Erékùṣù tí tẹ́ńpìlì wà ni. Tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ńpìlì yàtọ̀, owó ọkọ̀ ojú omi yàtọ̀, ẹnu ọkọ̀ lẹ sì ti máa ná an. Ọkọ̀ lodindi ni wọ́n ń ta, kì í ṣe ìjókòó. Ẹ dúró ní èbúté títí ẹ ó fi rí èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà tẹ́ ẹ jọ máa pín in. Ẹ bá awakọ̀ ṣe àdéhùn pé wákàtí kan àbọ̀ ló máa dúró, torí wákàtí kan ni òun ní lọ́kàn. Ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ tó kẹ́yìn tí a mọ̀ nínú ọ̀nà ìkọ̀wé alàwòrán wọn wà, ọdún 394 lẹ́yìn ikú Olúwa wa. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò rí èyí tí ẹnikẹ́ni kọ mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ sùn nínú fẹ̀lúkà, ọkọ̀ aláṣọ ìgbòkun, láti Aswan lọ sí Kom Ombo: omi odò ń ṣàn lọ sí àríwá, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wá láti àríwá. Omi ló máa gbé yín, afẹ́fẹ́ á máa dojú kọ yín, ìyẹn ni pé ẹ ò lè fi wákàtí dá a. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú rẹ̀, òru oṣù Kejìlá lórí omi sì tutù. Òru kan tó. Ẹ má fi sí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ní tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mìíràn.

OníkẹmístìKaru
"Lẹ́yìn ikú Olúwa wa" kọ́ o, bọ̀dá Àkànbí. Lẹ́yìn ìbí rẹ̀ ni wọ́n ń kà á.

ÀkànbíKaduna
Ẹ ṣé o, lẹ́yìn ìbí Krístì ni.

ỌmọGwarinpa
Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Ó ku báàgì. Lítà mélòó? Ṣé a lè gbé dróònù? Gààrí ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́nKubwa
Lítà 40, kó má wúwo ju kìlógíráàmù 8 lọ. Ẹ gbé e kọ́rùn, kẹ́ ẹ rìn láti Berger dé Wuse Market. Bó bá ti ń fa èjìká, ẹ yọ nǹkan kúrò. Aṣọ mẹ́ta tó ń yára gbẹ sàn ju mẹ́jọ lọ. Páwà báǹkì 20,000 mAh kò kọjá ohun tí ọkọ̀ òfurufú gbà, ṣùgbọ́n báàgì ọwọ́ ni kó wà, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi sísàlẹ̀ ọkọ̀.

Dróònù, rárá. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀, ìbéèrè á sì tẹ̀ lé e. Fóònù yín ti tó fún fọ́tò, ẹ má kàn kọjú rẹ̀ sí sójà, afárá tàbí bárékè.

Gààrí kìlógíráàmù kan àti kúlíkúlí, ẹ dì í dáadáa. Ẹ fi kílíṣí sílé, ẹran ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kóṣárì ni kẹ́ ẹ máa jẹ: ìrẹsì, lẹ́ńtì, màkàróní, ọbẹ̀ tòmátì, àlùbọ́sà díndín lórí. Ata tirẹ̀ wà nínú ike lọ́tọ̀, kò tó nǹkan fún ọmọ Yorùbá, ẹ mú ata gígún dání.

Ṣájà: ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ mẹ́ta tiwa kò wọ sókẹ́ẹ̀tì wọn, ẹlẹ́sẹ̀ róbótó méjì ni tiwọn. Iná wọn jẹ́ 220, ó súnmọ́ tiwa. Ẹ ra adápítọ̀ méjì ní Banex kẹ́ ẹ tó lọ, kì í ṣe ọ̀kan, torí ọ̀kan á gbé inú ògiri ilé ìtura àkọ́kọ́.